Bàbá Ń Ka Ìhìnrere, Ọmọ Wà Lóde

Palliyagama,
Ọjọ́rú Eléérú, 25 Oṣù Kejì, 1998.

Noeline, ọmọ mi àgbà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Verona ò tíì wọ eegun rẹ? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá ò ń wọ ẹ̀wù onírun tí wọ́n fún ọ. Èmi náà wà. Orúnkún mi ni kò fẹ́ kí n rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó kì í wá lọ́wọ́ òfo. Láti Kérésìmesì tí o ti kọ̀wé kẹ́yìn, a ò gbúròó rẹ. Bí èèyàn bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, ṣé ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé sílé a máa rọ ni? Ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀ kò lè gba gbogbo àsìkò rẹ kó máà ku díẹ̀ fún ẹni tó bí ọ.

Eérú ṣì wà níwájú orí mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Lẹ́yìn Mísà ni Fadá Linus pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ilé àdúrà tó ń bójú tó ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ó ní kí n máa ṣáájú àwọn èèyàn nínú àṣàrò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ẹtì nínú ààwẹ̀ yìí, ní ilé àdúrà Mímọ́ Anna, lẹ́yìn Ọ̀nà Àgbélébùú. Ìhìnrere Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni a ó máa gbé yẹ̀ wò. Ó ní, "Tíṣà Bastian, ẹ̀yin lẹ mọ bí a ti ń mú èèyàn jókòó." Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé ìwé, kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò Olúwa ní aginjù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn ni pé Èṣù kò yọ sí Jésù pẹ̀lú ìwo lórí. Ìgbà tí ebi ń pa á ló dé, ó sì fi ohùn ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Àkàrà ló kọ́kọ́ dárúkọ, àkàrà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń ba ilé jẹ́ ṣe máa ń rọra wọlé. Òbí tó bá fẹ́ kí ilé òun dúró, kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé Kingsley àbúrò rẹ ti padà wálé. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wọ̀ dé, ó sì ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá. Ọkọ̀ ìpẹja wa àti ẹ̀rọ rẹ̀ ti lọ, má bi mí bí ó ṣe lọ. Mo sunkún nígbà tí mo rí i. Lánàá, kí ààwẹ̀ tó wọlé, mo pa ewúrẹ́ funfun yẹn, a pe àwọn ará àdúgbò.

Imelda àbúrò rẹ kò sí nílé. Ó lọ bá Àǹtí rẹ Grace ní Kalpitiya, ó ń ràn án lọ́wọ́. Kò sí ìdí tí wàá fi kọ̀wé síbẹ̀, ìwé kì í tètè dé ọ̀hún.

Jọ̀wọ́, wá awò ìkàwé kan fún mi. Lẹ́tà inú Ìhìnrere mi ti kéré ju ojú mi lọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń retí ìwé,
Bastian Thamel.


Verona,
9 Oṣù Kẹta.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìnira orúnkún. Mo kí Ìyá. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń wọ ẹ̀wù onírun náà, inú rẹ̀ ni mò ń sùn gan-an. Ìdí tí n kò fi kọ̀wé ni pé Sinyóra Bruna tí mò ń tọ́jú ṣubú ní ilé ìwẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kán, orí àga ilé ìwòsàn ni mo sì ti ń sùn láti ìgbà náà. Mo ti ra awò yín. Ọmọbìnrin ará Chilaw kan tó ń bọ̀ wálé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò mú un wá.

Mo ti kí yín tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú.

Bàbá tó bí Ìyá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn mi ló rà á, ẹ̀yìn tí mo fi ń gbé obìnrin arúgbó láti ibùsùn sí àga. Kingsley fi méjèèjì mutí, ẹ sì ní kí n má béèrè. Kàkà kí ẹ̀yin náà béèrè, ewúrẹ́ lẹ pa fún un. Nígbà tí èmi ń lọ, ní pápákọ̀ òfuurufú, ohun tí ẹ sọ fún mi ni pé ọmọbìnrin tó bá dá rìnrìn àjò, orúkọ gbogbo ilé ló rù sórí, kí n má jẹ́ kó já bọ́. Kò sẹ́ni tó pa òròmọdìyẹ fún mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn gan-an. Ọjọ́ kan náà tí ìwé yín dé ni ìwé Àǹtí Grace dé láti Kalpitiya. Ó ní òun ò tíì fojú kan Imelda láti ọdún tó kọjá, ó sì ní kí n bá òun kí i bí mo bá ń kọ̀wé sílé. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń purọ́, Bàbá, Àǹtí Grace kò sì ní ìdí kankan láti purọ́ fún mi. Níbo ni àbúrò mi wà? Kí ló dé tí ẹ kò fẹ́ kí n kọ̀wé sí i?

Mo ka àṣàrò yín. Ó dára, bí gbogbo ọ̀rọ̀ yín ṣe máa ń dára. Èmi náà gbọ́ Ìhìnrere yẹn níbí, pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́. Mo ṣàkíyèsí pé ìdánwò tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ti àkàrà. Orí tẹ́ńpìlì ni Èṣù gbé Olúwa lọ, níbi gíga tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹ ṣọ́ra, Bàbá. Ilé àdúrà Mímọ́ Anna náà ní orí.

Ẹ dá mi lóhùn lórí Imelda. Ẹ má fi ẹsẹ Ìhìnrere dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Noeline.


Palliyagama,
22 Oṣù Kẹta, Ọjọ́ Ìsinmi Kẹrin nínú Ààwẹ̀.

Noeline,

Awò dé. O ṣeun. Òun ni mo fi ka ìwé rẹ, ì bá sì sàn kí ojú mi máà ríran.

Ìwọ tí mo di ọwọ́ rẹ mú kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ìwọ lo wá ń kọ́ mi ní Ìhìnrere. Ọmọ tó dé ilẹ̀ àwọn Póòpù ti wá di bíṣọ́ọ̀bù lé bàbá rẹ̀ lórí. Ó dáa. O ní kí n dá ọ lóhùn, èmi náà yóò dá ọ lóhùn.

Imelda lóyún. Wimal ló fún un lóyún, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja. Ẹlẹ́sìn Búdà ni. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí Fadá, kò sí ẹnikẹ́ni tó wá tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo bi í, ó wò mí lójú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, bóyá n bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo ní kó jáde títí yóò fi mọ ohun tó ṣe. Ó di ẹrù rẹ̀ kíákíá bí ẹni pé ó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti wà nílé ìyá Wimal báyìí, ní òdìkejì ojú irin, nínú ilé tí wọ́n ti ń tan fìtílà fún Búdà láràárọ̀. Kalpitiya tí mo sọ, irọ́ ni. Irọ́ tí bàbá ń pa láti fi bo ọmọ rẹ̀ láṣọ ni. Bí o bá bímọ, wàá mọ̀ ọ́n.

O ní mo gba Kingsley. Kingsley mutí, ó sọ nǹkan nù, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà mi, ó ní òun ò yẹ. Ta ni yóò lé ọmọ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ dànù? Àbúrò rẹ obìnrin kò sọ pé òun ò yẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ onínàákúnàá ni Ìhìnrere òní. Ní Ẹtì, ilé àdúrà kún débi pé àwọn kan dúró sí abẹ́ igi àgbọn lóde. Mo sọ bí bàbá náà ṣe ń wo ojú ọ̀nà lójoojúmọ́, bí ó ṣe sáré láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Kingsley wà ní iwájú, ó bo ojú. Àwọn obìnrin ń sunkún. Nígbà tó yá, mo dé orí ẹ̀gbọ́n. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan wà lóko tó jìnnà, tó ń ṣiṣẹ́ kára, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ korò bí ewúro nítorí ewúrẹ́ kan. Mo ní iṣẹ́ àṣekára lè di ìgbéraga, ọmọ rere sì lè jìnnà sí bàbá ju ọmọ burúkú lọ. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Kí o ronú sí i.

Bàbá rẹ.


Palliyagama,
28 Oṣù Kẹta, Àbámẹ́ta.

Noeline ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Ṣé o ti jẹun? O mọ̀ pé èmi kì í kọ̀wé, bàbá rẹ ló máa ń kọ ọ́, èmi a ní kó kí ọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, bí mo bá fi í sílẹ̀ fún un láti kọ, kò ní kọ ọ́.

Lánàá, àṣàrò obìnrin tí wọ́n ká mọ́ àgbèrè ló kàn. Láti ọjọ́ Ajé ni bàbá rẹ ti ń kọ ọ́, tí ń ka á sókè nínú yàrá. Nígbà tí a parí Ọ̀nà Àgbélébùú, tí gbogbo wa jókòó sórí ẹní, Imelda wọlé. Ó wọ aṣọ funfun tó fi gba ìfìmúlẹ̀, ó ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè gba ikùn. Ó la àárín wa kọjá, ó lọ jókòó níwájú, lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Kò wo ẹnikẹ́ni. N kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo fi Màríà Mímọ́ búra, n kò mọ̀.

Bàbá rẹ rí i. Ohùn rẹ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo rò pé yóò pa ohun tó kọ tì. Kò pa á tì. Ó ka Ìhìnrere, bí wọ́n ṣe mú obìnrin náà wá, bí Olúwa ṣe ń fi ìka kọ nǹkan sílẹ̀, bí ó ṣe ní kí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí sọ òkúta àkọ́kọ́. Ó wá bọ́ awò rẹ̀. Ó ní gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn apá ibi tí Olúwa ti ní òun ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn a máa gbójú fo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, pé kó lọ, kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ó ní àánú tí kò ní ìtìjú nínú ló ń ba ìlú jẹ́. Ojú Imelda ló ń wò bó ti ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ gan-an.

Mo fẹ́ dìde. Kí n tó dìde, Màmá Kathrina ti ń wá ọ̀pá rẹ̀. O mọ Màmá Kathrina, kò sí ẹni tó dàgbà tó o ní etíkun yìí mọ́. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún Ara Olúwa, ó sì jáde. Lẹ́yìn náà ni Rosalin ìyá ẹlẹ́ja dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi. Lẹ́yìn mi, àwọn obìnrin tó kù, láti orí àgbà dé orí ọmọge, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Ìhìnrere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ẹnikẹ́ni ò gbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn pẹ̀lú jáde. Kingsley ló jáde kẹ́yìn, ó ń fi apá nu ojú.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó wá ku bàbá rẹ àti Imelda. Imelda fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ kò tíì parí rẹ̀." Bàbá rẹ pa ìwé dé, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Mo sin Imelda dé ojú irin. Nígbà tí mo délé, mo gbé oúnjẹ fún bàbá rẹ, n kò bá a jókòó. Ó ní mo dójú ti òun. Mo ní, "Bastian, èmi nìkan kọ́ ni mo ní ẹsẹ̀."

Inú ń bí mi, Noeline. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi.

Ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Serafina.


Verona,
2 Oṣù Kẹrin.

Bàbá,

Mo kí yín. N ò ní kí yín ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Ẹ dúró níwájú àwọn ará ìlú mi, níwájú àwọn tí a jọ ṣeré lórí iyanrìn, ẹ fi mí ṣe àpẹẹrẹ ọkàn kíkorò. Ẹ ní ẹ ò dárúkọ mi. Ì bá sàn kí ẹ dárúkọ mi, n bá mọ̀ pé ẹ láyà.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà ka ìtàn yẹn fún yín, torí ó jọ pé awò tí mo rà kò dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ẹ̀gbọ́n bínú, kò wọlé. Kí ni bàbá náà ṣe? Ó fi àsè sílẹ̀, ó fi àlejò sílẹ̀, ó jáde lọ bá a lóde, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Kò lọ sórí àga ìwàásù láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn olórin. Ọmọ méjì ló ní, ó sì jáde nítorí méjèèjì. Ẹ̀yin ní mẹ́ta. Èyí tó dọ̀bálẹ̀ lẹ mọ̀. Èmi tí mo wà lókè òkun, ìwé ìbáwí lẹ kọ sí mi. Èyí tó kù wà ní òdìkejì ojú irin, ẹ lè lọ kí ẹ sì padà dé kí tíì yín tó tutù, ẹ ní orúnkún ń dùn yín.

Ẹ ní kò sunkún. Ṣé ẹ rántí ẹni tó kọ́ ọ pé kó má sunkún? Ìgbà tí alùpùpù gbá a lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin lẹ dúró lé e lórí, tí ẹ ń sọ pé ọmọ Thamel kì í ké lójú títì. Ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ìyẹn ni ẹ sì fi lé e jáde.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí ẹ ń ṣe yẹ̀yẹ́ fìtílà wọn, àwọn ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ fi ìyẹn ṣàṣàrò ní Ẹtì.

N kò ní kọ̀wé sí yín mọ́ títí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi kọ ọ́ sí mi pé ẹ ti lọ rí Imelda. Ìyá ni n ó máa kọ̀wé sí.

Noeline.


Verona,
Àbámẹ́ta Mímọ́, 11 Oṣù Kẹrin.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ lọ́la. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín, mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ láìmọ̀. Mo kà á fún Sinyóra Bruna ní èdè wọn. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lu orí ibùsùn rẹ̀, ó ní kí n tún apá ti Màmá Kathrina kà.

Ìyá, ọmọ yẹn kò ní pẹ́ dé. Ẹ má jẹ́ kí Imelda dá wà. Bí àkókò bá tó, ẹ di aṣọ yín, ẹ lọ. Ẹ má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Bàbá bá béèrè oúnjẹ, ìkòkò wà nílé.

Ọmọ yín ni mí títí,
Noeline.


Palliyagama,
25 Oṣù Karùn-ún.

Noeline,

O ní o kò ní kọ̀wé sí mi títí n ó fi kọ ohun kan. Mo bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn débi pé mo fẹ́ dákẹ́ títí láé kí n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀ nínú wa. N kò tíì bínú tán. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

Imelda bí ọmọbìnrin. Àwọn méjèèjì wà láàyè, wọ́n lágbára. Ìyá rẹ ti wà lọ́dọ̀ wọn kí ọmọ tó dé. Ó di aṣọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ, kò sì sọ ìgbà tí òun ń bọ̀. N kò mọ ẹni tó gbìn ín sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo fura. Kingsley náà ń lọ síbẹ̀ láti bá Wimal ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni mo ń gbé inú ilé. Mo se ìrẹsì, ó jóná. Mo tún un sè, ó tún jóná.

Nígbà tó sú mi, mo lọ síbẹ̀ láti mú ìyá rẹ wálé. Ìyẹn ni mo bá lọ, n kò bá nǹkan mìíràn lọ. Ọ̀sẹ̀ Vesak, ọdún àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ni, wọ́n ń so fìtílà bébà mọ́ igi àgbálá. Somawathi, ìyá Wimal, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń so okùn mọ́ ara fìtílà kan, kò dìde. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó. Bí ẹ bá sì fẹ́ dúró, ẹ dúró sí abẹ́ òjìji, oòrùn kì í mọ tíṣà." Ó gbé tíì wá, mo ní n kò mu. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá rẹ yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi, ó sì padà sẹ́yìn.

Imelda gbé ọmọ náà jáde. Ó kí mi bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò tọrọ nǹkan kan. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí sọ ni pé a gbọ́dọ̀ ṣe ìsàmì fún ọmọ náà. Ó ní òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, Wimal sì ti gbà, wọ́n ti lọ bá Fadá Linus sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn àti lórí ìgbéyàwó. Mo ní ó dáa, kí á lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí kò ní sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Noeline, ọmọ yẹn wò mí bí ó ti wò mí ní ọjọ́ tí mo lé e.

Ó ní, "Iwájú gbogbo èèyàn lẹ ti ká mi mọ́ ọ̀rọ̀, Bàbá. Iwájú gbogbo èèyàn náà ni a ó ti ṣe èyí. Ọjọ́ Ìsinmi ni, kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e láti àgbálá yìí, ẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe Ìyá. Ojú títì ńlá lẹ máa gbà dé ilé àdúrà. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ mu tíì yín, kí ẹ máa lọ."

N kò mu tíì. Mo lọ. Mo bínú lójú ọ̀nà débi pé mo ń sọ̀rọ̀ sókè, àwọn ọmọ ilé ìwé yà fún mi. Ó ní kí n gbé ọmọ tí kò ní orúkọ bàbá nínú ìwé ìjọ kọjá iwájú ilé Rosalin, kọjá iwájú gbogbo àwọn tó jáde kúrò nínú àṣàrò mi. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní ṣe é. Mo sọ ọ́ fún Fadá Linus. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní kí n tún ṣáájú àṣàrò lórí Ìhìnrere Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Mo ṣí ẹnu láti gbà, mo rí i pé n kò lè gbà á. N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ìyẹn. Bí mo bá ṣí ìwé yẹn báyìí, ohùn mi kò jọ tèmi létí ara mi.

Lánàá, mo padà lọ. Mo sọ fún Imelda pé n ó gbé e. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ó sì gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ kí n fi kọ́ bí n ó ṣe gbé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọmọ ọwọ́. Ó fẹsẹ̀ ta mí láyà. Ó ní irun púpọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹfà la mú. Imelda ní ìwọ ni òun fẹ́ ní ìyá ìsàmì, àfi kí èmi fúnra mi bẹ̀ ọ́, òun ò ní bá mi bẹ̀ ọ́. Ìyá rẹ ṣì wà lọ́hùn-ún, ó ní òun yóò wálé lẹ́yìn ìsàmì, kò dá mi lójú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́. Wá. N kò tíì gbà pé ohun gbogbo tí o kọ tọ̀nà. Àwọn apá kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ọmọ máà kọ sí bàbá. Ṣùgbọ́n wá.

Bàbá rẹ,
Bastian.


Verona,
5 Oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ. Ṣé orúnkún yín ń gbádùn?

Mo ti gba àyè lọ́wọ́ Sinyóra Bruna. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yóò wá dúró tì í. N ó ti wà nílé kí ọjọ́ ìsàmì tó pé, n ó sì di àbẹ́là mú gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì ọmọ náà.

Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́, inú ṣì ń bí mi. Àwọn apá tí ẹ ní kò yẹ kí ọmọ kọ sí bàbá, gbogbo wọn ni mo tún lè kọ lónìí. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ lórí ọkọ̀, lórí ẹ̀gbọ́n tó wà lóko, lórí aṣọ funfun tí àbúrò mi tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè wọ ilé Ọlọ́run. A ó sọ wọ́n lójúkojú, n kò sì ní rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún mi bí mo ṣe ń ní in fún yín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ. Ní ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ti gbé ọmọ náà jáde ní àgbálá Somawathi, tí ẹ dé ojú títì, ẹ má yára rìn. N ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí yín dáadáa.

Ọmọ yín,
Noeline.